Ìwé ìtàn àròsọ wo ló bá ìjókòó abẹ́ igi mu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn?

Ọmọ Àkábà (Kétu):

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ ìwé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ fi lọ̀ yín.

Àbúrò mi obìnrin kan ń gbé ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé. Ní oṣù keje tó kọjá, nígbà tí òjò kò jẹ́ kí a gbádùn níbí, ó fi àwòrán ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi: ó nà gbalaja sórí koríko létí odò, ìwé ìtàn àròsọ tó nípọn bíi bíríkì wà lórí àyà rẹ̀, ó sì sọ pé aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù ṣùgbọ́n oòrùn kò tíì wọ̀. Ó ní bí ìgbà ooru bá ti dé lọ́dọ̀ àwọn, tí iléèwé sì ti gba ìsinmi, àwọn òǹtàwé a máa to ìwé tí ènìyàn lè kà létí òkun sí iwájú ìsọ̀, àwọn ìwé ìròyìn a sì máa dárúkọ èyí tí wọ́n bá fẹ́ràn. Ìlara díẹ̀ mú mi. Mo ní èmi náà yóò dá tèmi sílẹ̀ ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin níbí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní oṣù keje. Ẹ̀ẹ̀rùn ni tiwa, láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, tí ènìyàn lè tẹ́ ẹní síbi tó bá wù ú láìbẹ̀rù pé òjò yóò lé òun wọlé.

Igi máńgòrò kan wà níwájú ilé wa, kò jìnnà sí Àkábà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé girama. Bí mo bá dé ní aago márùn-ún, mo máa ń gbé àpótí sábẹ́ igi náà, mo sì ní bíi wákàtí kan àbọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìwé tí mo kọ́kọ́ gbé jáde ni Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ, èyí tó jáde ní 1969. Ẹni tó bá ti kà á mọ̀ pé ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni. Lápàdé, tó ti ṣe ọlọ́pàá rí, ló ń tọpa àwọn ọ̀daràn nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì so kọ́ra débi pé bí ojú bá fo gbólóhùn kan péré, ẹni tó ń kà á ti ṣìnà nìyẹn.

Mo ka ojú ìwé kan, ìyá kan tó ń ti ọjà bọ̀ dúró: "Olùkọ́, ẹ kú ìjókòó o." Mo dáhùn. Ó béèrè ìyàwó, ó béèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó béèrè bóyá orúnkún ìyá mi ti fúyẹ́. Nígbà tí mo padà sínú ìwé, n kò mọ ẹni tó ń lé ẹnikẹ́ni mọ́, ni mo bá tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Bàbá kan dé lórí kẹ̀kẹ́, ó fi ẹsẹ̀ kan tilẹ̀: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Kí lẹ̀ ń kà yẹn?" Ẹ kò lè dá bàbá lóhùn pé "ìwé ni." Mo ṣàlàyé. Lọ́jọ́ náà, ojú ìwé mẹ́rin ni mo kà, ìkíni mọ́kànlélógún ni mo sì dáhùn. Ọmọ mi ọkùnrin ló ń fi òkúta ṣírò wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá burú sí ni pé ọyẹ́ gbẹ àtè tí wọ́n fi lẹ ẹ̀yìn ìwé náà. Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí mo ti ń kà á, bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ lórí itan, ó dún pàà, ewé tó gbẹ̀yìn bọ́ sílẹ̀, atẹ́gùn gbé e. Ewúrẹ́ ará ilé kejì wa ló dúró dè é. Kí n tó dìde, ó ti kó o sẹ́nu. Igun ewé náà ṣì yọ sí ètè rẹ̀, mo ń wo nọ́ńbà ojú ìwé kedere, mo nawọ́, ó gbé e mì. Títí di òní n kò mọ bí ọ̀rọ̀ Lápàdé ṣe parí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sì sọ fún mi, nítorí mo ti rán ènìyàn lọ sí Abẹ́òkúta kí ó bá mi ra òmíràn.

Ìbéèrè mi nìyí: irú ìwé ìtàn àròsọ wo ni ẹ̀yin máa ń kà níta? Èyí tí mo lè gbé kalẹ̀ nítorí ìkíni, kí n sì tún gbé e láìṣe pé mo ń wá ojú ọ̀nà kiri, ni mo ń fẹ́.

Àkàndé Alùpùpù (Àjàṣẹ́):

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu ewúrẹ́. Ẹ má bínú pé mo rẹ́rìn-ín.

Èmi kò rí ẹ̀bi ìwé nínú ọ̀rọ̀ yìí, ibi tí ẹ jókòó sí ló lẹ́bi. Iṣẹ́ zémíjàn, ìyẹn fífi alùpùpù gbé èrò, ni mò ń ṣe, oríta Wàndó ni mo sì máa ń dúró sí. Bí èrò kò bá tíì wá, mo máa ń jókòó ṣẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí alùpùpù, mo gbé ìwé lé orí táńkì epo, mo ń kà. Ariwo ọjà, fèrè ọkọ̀, ọlọ tó ń lọ àgbàdo, gbogbo rẹ̀ ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ orúkọ orúnkún ìyá mi níbẹ̀. Ẹni tó bá wá bá mi, ibi tó ń lọ ló fẹ́ sọ. Bí mo ṣe ka Àgbàlagbà Akàn tán nìyẹn, èyí tí òǹkọ̀wé kan náà tẹ̀ jáde ní 1971, tí Lápàdé àti Táfà Ìgìrípá tún wà nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kà á, n kò sì ṣìnà lẹ́ẹ̀kan. Ìtàn tó ń sáré ló yẹ ìta, nítorí òun ló lè fa ọkàn ènìyàn yọ kúrò nínú ariwo.

Ní ti ẹ̀yìn ìwé tó ń já, ẹ gbé e lọ fún aránbàtà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Abẹ́rẹ́ ńlá àti òwú alágbára tí wọ́n fi ń rán bàtà ni yóò fi gún etí ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, yóò sì so ó. Kò ní í lè ṣí gbalasa bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ewé kan kì yóò bọ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi ọ̀rá bò ó nítorí eruku.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì (Àjàṣẹ́):

Mo kí ẹni tó béèrè, mo kí Àkàndé náà. Mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, n kò sì ní iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ mìíràn ju ìwé kíkà lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn.

Àkàndé ní kí ẹ gbé àpótí yín kúrò lábẹ́ igi. Èmi ní kí ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ ìwé. Ìwé tí a ń dá kà ni ẹ mú jáde. Òkédìjí mọ̀ ọ́n kọ, n kò bá a jà, ṣùgbọ́n inú yàrá ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti ń dùn, ní àkókò tí òjò bá ń lu páànù tí ẹnikẹ́ni kò lè wá kí yín. Níta, ní ilẹ̀ tiwa, a kì í dá wà. Ẹni tó gbé àpótí síwájú ilé rẹ̀ ti sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé òun ṣe tán láti gbọ́ ohùn wọn. Àbúrò yín lè sùn sórí koríko ní Lyon láàárín ọgọ́rùn-ún ènìyàn kí ẹnì kan má wò ó. Bí ẹ̀yin bá dán an wò ní Kétu, wọn yóò sáré lọ pe àwọn ará ilé yín pé ara yín kò yá.

Fágúnwà ni ìdáhùn mi, ẹ má sì sọ pé òun náà ni gbogbo arúgbó máa ń dárúkọ, nítorí mo ní ìdí. Ẹ mú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tó jáde ní 1938. Báwo ni ìtàn inú rẹ̀ ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Bàbá àgbàlagbà kan ló wá bá ẹni tó ń kọ ìwé níbi tó jókòó sí, ó ní kí ó mú ohun ìkọ̀wé, kí ó máa kọ ohun tí òun bá sọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, àwọn méjèèjì nìkan ni. Nígbà tí bàbá náà, Àkàrà-Ògùn, yóò fi padà wá, ìròyìn ti tàn, èrò ti pé jọ láti gbọ́. Ẹ wò ó dáadáa: ìtàn tí a ń sọ fún èrò ni, ọjọ́ dé ọjọ́, tí ẹni tó ń sọ ọ́ ń dánu dúró, tó ń lọ ilé, tó sì ń padà wá bá a lọ. Ìyá tó ń ti ọjà bọ̀ kò lè ba irú rẹ̀ jẹ́. Àwọn bíi tirẹ̀ ló kún inú ìwé náà tẹ́lẹ̀.

Ẹ tún fetí sí bí ó ṣe ń to ọ̀rọ̀. Gbólóhùn rẹ̀ gùn, àpèjúwe ń gun orí àpèjúwe, ohun kan ṣoṣo ni yóò sọ lọ́nà mẹ́ta mẹ́rin. Ẹni tó bá ń fi ojú lásán kà á lè rò pé àsọtúnsọ ti pọ̀ jù. Kí ó fi ohùn kà á, yóò rí i pé ẹni tó kọ ọ́ ti fi ibi èémí sílẹ̀, ó sì ti rántí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí kò gbọ́ ti àkọ́kọ́. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, mo ka Igbó Olódùmarè, tí Fágúnwà kan náà tẹ̀ jáde ní 1949, fún àwọn ọmọ àdúgbò wa. Nígbà tí a dé ibi tí Olówó-Ayé, bàbá Àkàrà-Ògùn, ti ko Èṣù-Kékeré-Òde lójú, tí àwọn méjèèjì ń fi ọ̀rọ̀ na ara wọn kí wọ́n tó fọwọ́ kan ara, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ àkàsà gbàgbé èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, kò jẹ, kò gbé mì. Ìyá alákàrà tó wà lójú kejì ọ̀nà rọra gbé agbada epo rẹ̀ kúrò lórí iná kí ariwo rẹ̀ má baà bo ohùn mi mọ́lẹ̀, àwọn oníbàárà mẹ́ta sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú owó lọ́wọ́, wọn kò bá a wí. Ẹ̀yin ará Kétu tí ẹ máa ń dúró ní ọjà lóru nítorí orin Ẹ̀fẹ̀, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ẹ kò lè sọ fún mi pé etí yín kò gba ìwé tí a kà sókè.

Ohun kan wà tí ẹ ní láti ṣọ́ra fún. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà àyíká yín tó mọ ìwé Yorùbá kà, álífábẹ́ẹ̀tì ti Benin ni wọ́n fi kọ́ ọ, èyí tí ìjọba gbé kalẹ̀ fún àwọn èdè wa ní 1975. Àwọn ará Nàìjíríà ń fi àmì sábẹ́ e àti o. Ɛ àti ɔ ni tiwa. Wọ́n ń kọ p, àwa ń kọ kp. Wọ́n ń kọ ṣ, àwa ń kọ sh. Kíláàsì àgbà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti kọ́ ìwé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi ìwé Fágúnwà lé e lọ́wọ́, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó fi èékánná ha abẹ́ lẹ́tà kan, ó ní ṣé ìgbẹ́ eṣinṣin ni ohun dúdú wọ̀nyí. Mo ṣàlàyé fún un. Ó kọsẹ̀ ní ojú ìwé àkọ́kọ́ àti èkejì, ó bínú díẹ̀ ní ẹ̀kẹta, nígbà tí yóò fi dé ìkẹwàá, ó ti ń ṣáájú mi, ó ní kí n dákẹ́ kí òun máa kà á fúnra òun. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gba ìwé lọ́wọ́ yín lábẹ́ igi, tó wò ó, tó sì dá a padà kíákíá, ẹ má rò pé kò mọ̀wé. Ẹ fi ìka tọ́ ọ sọ́nà ní ìlà mélòó kan.

N kò ní í parí láìdárúkọ ọmọ ìlú mi. Paul Hazoumé, tí wọ́n bí sí Àjàṣẹ́ níbí ní 1890, tẹ Doguicimi jáde ní èdè Faransé ní 1938, ọdún kan náà tí Ògbójú Ọdẹ jáde. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé ọdún kan ṣoṣo bí àwọn ìwé méjèèjì, ọ̀kan ní ìhà ìhín ẹnubodè, èkejì ní ìhà ọ̀hún, tí ọ̀pọ̀ àwọn tí mo kọ́ níwèé sì mọ ọ̀kan láìmọ èkejì. Ṣùgbọ́n inú yàrá ni mo fi ti Hazoumé sí. Ó nípọn, ayẹyẹ ààfin Gézò ọba Dàhòmì sì pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé ènìyàn ní láti máa rántí oyè àti orúkọ lójú méjèèjì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀yin tí Dàhòmì kó ìlú yín ní 1886 lè má fẹ́ kà á nítòsí Àkábà Ìdẹ́nà rárá.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ (Ṣábẹ̀ẹ́):

Ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ, mo sì bá ọ kẹ́dùn ojú ìwé tó gbẹ̀yìn yẹn.

Èmi kì í ráyè jókòó gbọọrọ bíi ti Olùkọ́. Bí oṣù kejì bá ti dé, kajú ló gba gbogbo àgbàlá wa. A ó sá èso rẹ̀ sórí tapólì, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ nítorí ewúrẹ́ àti nítorí àwọn ọmọ tó ń fi í dá iná jẹ, ó sì gbọ́dọ̀ máa fi ẹsẹ̀ tú u kí abẹ́ rẹ̀ lè gbẹ. Èmi ni ẹni náà. Ìwé tó bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mu ni èyí tí a gé wẹ́wẹ́ láti ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́.

Lára wọn, kò sí èyí tó tó Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Sẹ̀gilọlá. Lẹ́tà ni gbogbo rẹ̀. Obìnrin kan tó ti fi ọkùnrin ṣe ayé nígbà èwe rẹ̀ ní Èkó, tí àìsàn sì ti dá dùbúlẹ̀, ló ń kọ lẹ́tà sí olóòtú ìwé ìròyìn, tó ń jẹ́wọ́, tó ń sunkún, tó tún ń rántí adùn ìgbà náà kí ó tó rántí pé ẹkún ló yẹ kí òun máa sun. Inú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ni àwọn lẹ́tà náà ti kọ́kọ́ jáde ní 1929 sí 1930, I. B. Thomas tó jẹ́ olóòtú rẹ̀ gan-an ló sì ń kọ wọ́n. Àwọn ènìyàn kò mọ̀. Wọ́n gbà pé Sẹ̀gilọlá wà láàyè, àwọn kan tilẹ̀ fi owó ránṣẹ́ kí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo rẹ́rìn-ín wọn. Nígbà tí mo kà á dé ìdajì, èmi náà ń wò ó pé bí ó bá wà láàyè, mo lè fi ẹ̀lùbọ́ díẹ̀ ránṣẹ́.

Lẹ́tà kan ni mo máa ń kà. Mo dìde, mo tú kajú, mo lé ewúrẹ́, mo padà wá ka òmíràn. Ẹni tó bá wá kí mi bá mi láàárín lẹ́tà méjì, kò pa mí lára. Ṣùgbọ́n Olùkọ́, ẹ dárí jì mí, èyí kì í ṣe ìwé tí a ń kà sókè fún ọmọ tó ń jẹ àkàsà. Ẹnu kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni mo fi ń kà á fún ọ̀rẹ́ mi kan tí kò mọ̀wé, bí ọmọdé bá sì ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ iye tí kajú ń lọ lọ́jà.

Fún àwọn ọmọdé, Ogún Ọmọdé ni kí o mú, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1990. Ìgbà èwe ní abúlé oko ló ń rò, eré, olè jíjà kékeré, ẹgba, oúnjẹ. Ibi tó bá wù ọ́ ni kí o ṣí.

Àdùkẹ́ (Àjàṣẹ́):

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mo sì máa ń kàwé nínú ọgbà igi àtijọ́ tí a ń pè ní Jardin des Plantes et de la Nature ní ìlú wa níbí, lábẹ́ àwọn igi ńlá tí òjìji wọn tutù débi pé ènìyàn lè gbàgbé pé ẹ̀ẹ̀rùn ni. Mo fẹ́ gbà pẹ̀lú Olùkọ́ pé a kì í dá wà níta, ṣùgbọ́n tiwa yàtọ̀ díẹ̀: àríyànjiyàn la máa ń bá lọ síbẹ̀.

Ó Le Kú ni ìwé wa, èyí tí Ìṣọ̀lá kan náà tẹ̀ jáde ní 1974. Àjàní, ọmọ yunifásítì ní Ìbàdàn, ń wá ìyàwó, Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé sì wà níwájú rẹ̀. Àwa mẹ́rin la jọ ń ka ẹ̀dà kan ṣoṣo. Ẹni tó bá kà á dé ibì kan yóò dúró, a ó jà, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti wo fíìmù tí Túndé Kèlání fi ìwé náà ṣe ní 1997 máa ń fẹ́ sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, a ti fi ofin dè é: bí ó bá la ẹnu, òun ni yóò ra omi fún gbogbo wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ra omi nígbà mẹ́ta.

Mo tún fẹ́ béèrè bóyá dandan ni kí ìwé náà jẹ́ ti èdè Yorùbá. Florent Couao-Zotti, tí wọ́n bí sí Pobè ní 1964, kọ ìwé ọ̀daràn kan ní èdè Faransé tó gba ẹ̀bùn Ahmadou-Kourouma ní 2010. Àkọlé rẹ̀ gùn bí òwe: bí àgbàlá àgùntàn bá dọ̀tí, kì í ṣe ẹnu ẹlẹ́dẹ̀ ló yẹ ká ti gbọ́ ọ. Kutọnu ló ti ṣẹlẹ̀, ó yára, ó sì ń pa ni lẹ́rìn-ín. Bóyá Bùrọ̀dá Àkàndé yóò fẹ́ràn rẹ̀ ní Wàndó.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì (Àjàṣẹ́):

Àdùkẹ́, kò sí dandan nínú rẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé bí mo bá ka Faransé sókè níwájú ilé mi, ìyá alákàrà kò ní í gbé agbada rẹ̀ kúrò lórí iná.

Ìyá, ẹ ṣeun. Mo gbà pẹ̀lú yín lórí ọ̀rọ̀ Sẹ̀gilọlá. N kò rántí rẹ̀ nítorí pé ìyàwó mi ti gbà á lọ́wọ́ mi, kò sì dá a padà.

Àkàndé Alùpùpù (Àjàṣẹ́):

Àdùkẹ́, mo ti kọ orúkọ ìwé náà sílẹ̀. Bí ó bá wà lọ́wọ́ rẹ, mo lè wá gbà á lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ní ọ̀sán, n kò sì ní í gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ bí o bá ń lọ sílé. Olùkọ́, mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi: ìtàn tó ń sáré ni ti ìta. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ Fágúnwà kí ẹnì kan kà á sí mi létí rí, n kò lè purọ́.

Ọmọ Àkábà (Kétu):

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Ẹ jẹ́ kí n jábọ̀.

Mo yá Igbó Olódùmarè lọ́wọ́ bàbá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹ̀dà náà ti gbó, páálí ẹ̀yìn rẹ̀ ti lọ, ni mo bá ṣe bí Àkàndé ṣe wí: mo gbé e lọ fún aránbàtà. Ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ó béèrè bóyá mo fẹ́ wọ ìwé náà, ṣùgbọ́n ó rán an dáadáa, ihò mẹ́tàdínlógún, ó sì fi àtè díẹ̀ kún un láìgba owó rẹ̀.

Lánàá, ní aago márùn-ún, mo jókòó sábẹ́ igi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Ojú tì mí ní ojú ìwé kìíní, nítorí èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ ohùn mi lè rò pé mo ń bá igi sọ̀rọ̀. Ọmọ mi kó òkúta rẹ̀ jáde láti ka ìkíni bíi ti tẹ́lẹ̀. Bàbá oníkẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ dé. Ó kí mi, mo fi orí dáhùn, mo ń kà lọ. Kò bínú, ó fi kẹ̀kẹ́ ti ara igi, ó dúró. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyá tó máa ń béèrè orúnkún dé. Ó sọ ẹrù rẹ̀, ó jókòó sórí gbòǹgbò, ó ní kí n tún ibi tí mo ti ń bọ̀ kà, nítorí òun kò gbọ́ orúkọ ọkùnrin náà dáadáa. Mo tún un kà. Bàbá oníkẹ̀kẹ́ ní kí n yára díẹ̀. Ìyá ní kí n má dá a lóhùn. Ewúrẹ́ náà wá, ọmọ mi ju òkúta ìkíni méjì lù ú, ó sá lọ.

Ilẹ̀ ṣú mọ́ wa lọ́wọ́ kí a tó dé ọ̀dọ̀ Èṣù-Kékeré-Òde. Mo fi ewé máńgòrò ṣe àmì sójú ìwé, mo ní ó dọ̀la. Ìyá gbé ẹrù rẹ̀ rù, ó rìn díẹ̀, ó yíjú padà: ó ní òun ní àtùpà alágbára oòrùn kan nílé tí òun kò lò, òun yóò gbé e wá, kí n má sì bẹ̀rẹ̀ kí òun tó dé.